Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Ìsàlẹ̀ Omi

Ọkùnrin apẹja kan wà ní etí ọ̀sà kan tó fẹ̀ débi pé, bí èèyàn bá dúró ní èbúté tó wo iwájú, kò ní rí ilẹ̀ ní òdì kejì. Ogójì ọdún ló ti fi ń pẹja lórí omi yẹn. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́, ibẹ̀ ló ti rí owó tó fi gbé ìyàwó, ibẹ̀ náà ló sì ti rí ohun tó fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Bí o bá bi í pé kí ni kò mọ̀ nípa ọ̀sà náà, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà yóò sọ òótọ́ fún ọ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Kò sí apẹja kan tó rí ìsàlẹ̀ omi náà rí, torí ó dúdú. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn ibi tí kò jìn, wọ́n á so òkúta mọ́ okùn fún ibi tó jìn. Ìyókù, wọ́n á máa méfò.

Àwọn apẹja ibẹ̀ ní àṣà kan. Ẹni tí omi bá fi ọ̀wọ́ ẹja hàn gbọ́dọ̀ fi àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà nígbà mẹ́ta. Ìró yẹn á rìn lórí omi, gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí á sì ṣẹ́rí sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi àwọ̀n wọn yí ẹja náà ká. Ẹni tó kàn ni yóò kọ́kọ́ fa àwọ̀n, òun ni yóò sì mú èyí tó tóbi jù. Ẹni tó bá rí ẹja kò gbọdọ̀ dákẹ́, ẹni tó bá sì gbọ́ ìró kò gbọdọ̀ jókòó. Òfin tí wọ́n ní lórí omi kò ju ìyẹn lọ, kò sì sí ẹni tó tíì rú u.

Lọ́dún kan, ọkùnrin yìí lọ sí ìlú ńlá láti lọ ra òwú tí yóò fi tún àwọ̀n ṣe. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó wọ̀, ó rí ohun kan tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ó bi ẹni tó ń tajà pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ẹni náà ní ẹ̀rọ tí àwọn apẹja òde òní fi ń wo ìsàlẹ̀ omi ni. Ó ní ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán lọ sísàlẹ̀, pé bí ohùn náà bá lọ bá ohunkóhun, yóò padà wá jíṣẹ́, ẹ̀rọ yóò sì ya àwòrán ohun tó bá níbẹ̀ sójú gíláàsì. Apẹja náà rẹ́rìn-ín, ó sanwó òwú, ó jáde. Ó dé ibi tí yóò ti wọkọ̀ padà sílé, ó dúró, kò lè wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ìpẹja méjì ló ní lábúlé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ta ọ̀kan, ó sì ti padà lọ gbé ẹ̀rọ náà wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sórí omi, òun nìkan ló lọ. Ó ki apá kan rẹ̀ bọ omi, ó so apá tó ní gíláàsì mọ́ iwájú ìjókòó rẹ̀, ó sì tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Gíláàsì náà tàn. Díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ọkùnrin náà gbàgbé láti wa ọkọ̀. Ó rí òkè níbi tó ti rò pé ilẹ̀ tẹ́jú. Ó rí kòtò kan tó jìn, tó sì lọ gbọọrọ bí ọ̀nà oko. Ó rí igi ńlá kan tó dúró lóòró nísàlẹ̀ omi pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé igi yìí ló ti ń fa àwọ̀n òun ya láti ìgbà tí òun ti ń bá bàbá òun lọ sódò. Àwọn ẹja ń kọjá láàárín ẹ̀ka igi náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yọ sójú gíláàsì tín-ín-rín, ó tẹ̀ kọrọdọ, bí èékánná tí èèyàn gé sọnù. Orí ọkùnrin náà wú. Ogójì ọdún ló fi ń kọjá lórí ilé onílé láìmọ̀ pé ilé ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìbànújẹ́.

Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ìyàwó rẹ̀ láti ibi tí obìnrin náà ti ń yan ẹja. Ó fi igi ya òkè àti kòtò náà sórí ilẹ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn, òun kò tíì gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ tó báyìí rí, pé bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń fún un lẹ́nu, kí ó ra méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e fún un, obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró tó ró kó tó fọwọ́ kàn án.

Má ṣe rò pé ẹ̀rọ náà tan ọkùnrin yìí jẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n ní yóò ṣe ló ṣe. Àwọ̀n rẹ̀ kò ya mọ́, torí ó ti mọ ibi tí gbogbo kùkùté wà. Kò ju àwọ̀n sínú omi òfìfo mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, yóò ti padà sí èbúté, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì ti kún. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń dùn ún lálaalẹ́ kò dùn ún mọ́. Ohun rere ni ohun rere, ó yẹ kí a pè é lórúkọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ṣẹlẹ̀. Ó rí ọ̀wọ́ ẹja kan nísàlẹ̀, ó pọ̀ débi pé gíláàsì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àyè mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi àjẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ogójì ọdún ti kọ́ ọwọ́ náà. Ó gbé àjẹ̀ sókè, àmọ́ kò kàn. Ó rò ó pé òfin sọ pé ẹni tí omi bá fi ẹja hàn ni kó kàn. Omi kò fi ohunkóhun han òun. Ojú omi pa rọ́rọ́, kò sí ẹyẹ kan tó ń fò lórí rẹ̀, kò sí ẹja kan tó ta. Ẹ̀rọ ló fi han òun, òun lòun sì ra ẹ̀rọ. Ó gbé àjẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí ó má baà dún.

Olóòótọ́ èèyàn ni, kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olè. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ bá olórí àwọn apẹja, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Àgbà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ náà fún un bó ṣe rò ó lọ́kàn. Bàbá Àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin.

Nígbà tó yá, ó ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo ti lè mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù.”

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó jáde. “Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà” ló gbé lọ sílé, ó gbàgbé èyí tó kù síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mọ́. Àwọn yòókù kò bá a jà. Bí wọ́n bá rí ẹja, wọ́n ń kàn bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, òun náà á sì gbọ́ ìró náà lókèèrè, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ọkọ̀ rẹ̀ ti kún. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, torí ẹ̀rọ ti mú kí ibi gbogbo dà bí ojúlé rẹ̀. Oṣù márùn-ún kọjá báyìí. Ní ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ló bá pàdé lórí omi, kò sì rí orúkọ kankan dá. Tẹ́lẹ̀, tòun ti ìròyìn ló máa ń wọlé: ti ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, ti ẹni tó fẹ́ fọ́mọ fọ́kọ, ti ẹni tó ń bá àna rẹ̀ jà. Ní báyìí, ẹja nìkan ló ń gbé wálé. Obìnrin náà kò bi í mọ́, ó ń bá ẹja yíyan rẹ̀ lọ.

Ohun kan tún wà tí òun fúnra rẹ̀ kò kíyè sí. Ojú apẹja kì í gbé ibì kan. Bó ti ń wo omi ni yóò máa wo òfúrufú, tí yóò máa wo ẹyẹ, tí yóò máa wo ibi tí ọkọ̀ ẹlòmíì dorí kọ. Ojú ọkùnrin yìí ti wá ń gbé inú gíláàsì. Ohun ìyanu tó wà nísàlẹ̀ kò jẹ́ kó rántí pé òkè wà.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ẹyẹ funfun tó máa ń wà lójú omi dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì kọrí sí ilẹ̀. Gbogbo àwọn apẹja rí wọn, wọ́n fa àwọ̀n wọn sókè, wọ́n sì wa ọkọ̀ lọ forí pamọ́ sábẹ́ àwọn igi etí omi. Ọkùnrin wa nìkan ni kò rí wọn. Irú ọ̀wọ́ ẹja tí kò rí rí láyé rẹ̀ ló wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ju àwọ̀n, ó sì ń fà á. Àwọ̀n náà wúwo débi pé ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìgbà tí òjìji bo ojú gíláàsì ló tó gbójú sókè, ó sì rí ìjì tó ń bọ̀ lórí omi bí ògiri.

Ìgbì kan ṣoṣo ló dojú ọkọ̀ dé. Ọkùnrin náà mọ̀wẹ̀ dáadáa, àmọ́ àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ẹja inú rẹ̀ sì ń fà á lọ sísàlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ìdí ọkọ̀ mú. Lábẹ́ rẹ̀, nínú omi dúdú náà, ó ń rí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó so pinpin mọ́ ọkọ̀ síbẹ̀, ó ń tàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ó pariwo, ìjì gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ ń léfòó nítòsí, ó nawọ́ mú un. Ìgbà náà ni ojú tì í. Kò sí ìró kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lórí omi yẹn fún ẹni tó ń rì, torí kò tíì sí ẹni tó lọ pẹja níbi tí ojú ẹlòmíì kò ti lè tó o. Ìró ẹja nìkan ni wọ́n ní. Oṣù márùn-ún nìyí tí kò ti fi ìró náà pe ẹnikẹ́ni, oṣù márùn-ún nìyí tí wọ́n ti ń fi pè é tí kò jẹ́. Ó rò ó pé bóun bá wà nípò wọn, òun kò ní wá. Omi wọ ẹnu rẹ̀. Ó gbé àjẹ̀ sókè, ó kan ìdí ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sinmi díẹ̀, ó tún kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kò ka iye ìgbà mọ́.

Wọ́n sọ bó ṣe rí lápá ọ̀dọ̀ tiwọn fún un lẹ́yìn náà. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìró lábẹ́ àwọn igi. Ẹnì kan ní ta ni orí rẹ̀ dàrú tó ń rí ẹja nínú irú ìjì yìí. Ẹlòmíì ní kò sí ẹni tí kò sí níbẹ̀ àfi ọkùnrin ẹlẹ́rọ, òun kì í sì í kàn. Bàbá Àgbà ti ń tú okùn ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹni tó kàn ti kàn. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ọkọ̀ méje ló la ìjì náà kọjá. Tàwọ̀n-tàwọ̀n ni wọ́n wá, torí ìró ẹja ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà rí iwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó yọ láàárín òjò, ó rò pé òun ti kú ni. Ẹnì kan bẹ́ sómi, ó fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Bàbá Àgbà, ó ń gbọ̀n, ó ń pọ omi.

Bàbá Àgbà wò ó títí, ó ní, “Ìwọ lo kàn?”

“Èmi ni, bàbá.”

“Ẹja náà ńkọ́?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ẹni tó gé àwọ̀n ní kí bàbá má wulẹ̀ bi í mọ́, pé èyí tí àwọn rí fà jáde yìí náà kò kéré. Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú òjò yẹn, gbogbo wọn, ọkùnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ẹkún.

Wọ́n fa ọkọ̀ rẹ̀ wá sí èbúté tòun ti ẹ̀rọ. Àwọn tó ṣe é ti ṣe é kí omi má lè wọ inú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó gbé e lọ bá Bàbá Àgbà, ó ní òun fẹ́ jù ú sínú ibú. Bàbá Àgbà ní kí ni ẹ̀rọ náà ṣẹ̀. Ó ní kí ó so ó padà mọ́ ọkọ̀, kí ó sì wá gbé òun lọ síbì kan.

Àwọn ọkọ̀ yòókù tẹ̀ lé wọn. Ibi tí Bàbá Àgbà ní kí wọ́n dúró sí jìnnà sí ilẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ní ọdún tí òun kò tíì gbéyàwó, ẹ̀gbọ́n òun ń fi ọkọ̀ kó ìkòkò amọ̀ lọ sọ́jà, ọkọ̀ náà sì rì síhìn-ín. Wọn kò rí òkú rẹ̀, wọn kò rí ọkọ̀, wọn kò rí àfọ́kù ìkòkò kan. Ọgọ́ta ọdún lòun ti ń wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá láìbojú wo omi. Ọkùnrin náà tẹ ẹ̀rọ, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ wa ọkọ̀ bọ̀ lórí ibẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, iyanrìn nìkan ni wọ́n ń rí. Lẹ́yìn náà, ohun gígùn kan yọ lójú gíláàsì, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣómú bí iwájú ọkọ̀, àwọn ohun róbótó-róbótó sì kún inú rẹ̀, wọ́n tò síbẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n kó wọn.

Bàbá Àgbà ṣí fìlà. Ó tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àtijọ́.”

Nígbà tó wá gbójú sókè, ó ní ẹ̀rọ yìí dára, pé òun kò mọ̀ pé Ọlọ́run yóò fún ọwọ́ ọmọ èèyàn ní irú ìmọ̀ yìí kí òun tó kú. Ó ní kí ọkùnrin náà máa lò ó. “Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò,” ó ní. “Àwa la óò máa bá a wo òkè.” Ó sì tún òfin wọn sọ níbẹ̀, pé ì báà jẹ́ omi ló fi ẹja han èèyàn, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ, kí ó kàn.

O ti gbọ́ ọ. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kàn ọ́.

Lọ́jọ́ tí o ní kí n wá bá ọ yọ̀ nítorí sólà tí o ṣe sórí ilé, mo wá, mo sì bá ọ yọ̀ tọkàntọkàn. Gbogbo àdúgbò kò ní iná, tìrẹ ń tàn. Mo mu omi tútù nínú fìríìjì rẹ. O ní oòrùn tó ti wọ̀ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ fún wa, èmi àgbàlagbà sì jókòó síbẹ̀, mo ń wo gílóòbù bí ọmọdé. Ohun ńlá ni. Ẹni tó bá ní kí o tú u, má dá a lóhùn.

Àmọ́ mo mọ ọ́ kí o tó ní in. Nígbà náà, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ooru á lé gbogbo yín síta. Wàá gbé àga, aládùúgbò rẹ á gbé bẹ́ǹṣì, wọ́n á bu ẹ̀pà sínú abọ́, ẹ óò sì mọ ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pè é ní ìpàdé. Ní báyìí, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú ilé, o ti ilẹ̀kùn, o pa fèrèsé dé kí ó má baà jáde. O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, èmi náà kò rí ibi tí mo ti lè mú un. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọ́ nínú yàrá yẹn, ta ni yóò mọ̀?

Nígbà tí mo ń jáde lọ́dọ̀ rẹ, mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun láti yàrá tó fara ti tìrẹ. Mo bi ọ́ pé ọmọ ta ni, o ní o ò mọ̀ pé ọmọ wà níbẹ̀. Mo yà wọlé, mo bá ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, àwọn òbí rẹ̀ sì rò pé o ń bínú sáwọn ni. Dìde báyìí, lọ kí wọn kú ewu ọmọ.